Ẹ Má Jẹ́ Kí Oòrùn Ìsàlẹ̀ Tàn Yín Gorí Òkè

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Seattle, Tacoma, Kent àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tó ń gbẹ́rù láti èbúté lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ̀yin òbí tí àwọn ọmọ ti ń dà láàmú pé kí ẹ gbé àwọn lọ ṣeré nínú yìnyín kí ìgbà òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Láti nǹkan bí àárín oṣù Èrèlé títí wọ oṣù Igbe, òkè Cascades máa ń yí ìwà padà. Nísàlẹ̀, igi ti ń rúwé, àwọn èèyàn ti ń ká ẹ̀wù òtútù sínú àpótí. Lókè, ìgbà yẹn gan-an ni yìnyín tó ti ń kóra jọ láti oṣù Bélú ń ga jù lọ nílẹ̀; ó máa ń tó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tó bá fi ojú ọjọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wọn ti orí òkè, ó ti ṣìṣe kó tó ṣáná sí ọkọ̀.

Ní àkókò yìí, ìgbóná ni kí ẹ bẹ̀rù ju òtútù lọ. Bí òtútù bá mú tó sì dúró sójú kan, èèyàn a mọ bí yóò ṣe múra fún un. Ìgbóná díẹ̀ tó yọ́ wọlé lóru, tó sọ yìnyín di òjò, tó tún sá lọ ní ìdájí kí gbogbo omi tó ṣẹ́kù lójú ọ̀nà dì gbagidi, òun ló ń pa èèyàn.

Nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí àjọ National Weather Service máa ń gbé jáde fún àwọn òkè wọ̀nyí, nọ́ńbà kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fojú fò. A ó wo bí òtútù ṣe tó, a ó wo iye ínǹṣì yìnyín tí wọ́n ní yóò bọ́, a ó sì pa fóònù dé. Èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni èyí tí wọ́n kọ snow level sí, ìyẹn ibi gíga tí yìnyín ti ń di òjò. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ààlà yìnyín. Lókè ààlà yẹn, yìnyín ló ń bọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òjò ló ń rọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n láti ojú òkun, nítorí náà kò lè wúlò fún ẹni tí kò mọ bí ibi tó ń lọ ṣe ga tó. Snoqualmie Pass, níbi tí òpópónà I-90 ti ré orí òkè kọjá, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3,022. Stevens Pass lójú ọ̀nà US 2 jẹ́ 4,061. White Pass jẹ́ 4,500. Paradise, ní ẹ̀gbẹ́ òkè Rainier, tí àwọn tó ń jáde lọ gbafẹ́ fẹ́ràn, jẹ́ nǹkan bí 5,400.

Bí wọ́n bá ní ààlà yìnyín wà ní 2,000, yìnyín yóò bo gbogbo ibi tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ ń lọ bá. Bí wọ́n bá ní 6,000, òjò ni fún gbogbo wọn. Nọ́ńbà tó yẹ kó dá awakọ̀ I-90 dúró ni 3,000, nítorí pé orí ààlà gan-an ni ọ̀nà náà wà. Ẹ ó máa gun òkè bọ̀ láti North Bend nínú òjò, wáípà ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà dúdú, gbogbo èèyàn ń sáré. Ẹ ó yà ní kọ́nà kan, òjò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kọ́nà kejì, ilẹ̀ ti funfun, ẹni tó wà níwájú ti tẹ bíréèkì.

Nọ́ńbà mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń pò mọ́ èyí: freezing level, ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ti tutù débi tí omi ti ń dì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Yìnyín tó bá já bọ́ láti ibẹ̀ kì í yọ́ lójú ẹsẹ̀; ó lè rìn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà nínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó di omi. Nítorí náà, ẹni tó kà pé freezing level wà ní 4,000, tó sì fọkàn balẹ̀ pé òjò lásán ni yóò bá ní Snoqualmie, kó tètè wá ṣéènì táyà rẹ̀ o. Bí òjò bá tún wá le, yìnyín tó ń yọ́ nínú afẹ́fẹ́ a máa gba ooru ibẹ̀, ààlà a sì máa wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń rọ̀ láti àárọ̀ fi lè di yìnyín ńláńlá láàárín wákàtí kan, kí ó tún padà di òjò nígbà tó bá dẹwọ́.

Fóònù náà a máa tan èèyàn. Ìlú kan ń jẹ́ Snoqualmie, ibòmíràn ń jẹ́ Snoqualmie Pass. Ìlú yẹn wà nísàlẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 400. Ẹni tó bá kàn tẹ Snoqualmie sínú fóònù, ojú ọjọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń gé koríko iwájú ilé ló ń wò. Lórí àwòrán ilẹ̀ tí National Weather Service gbé síta, ẹ lè fọwọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ ń lọ gan-an, wọn a sì kọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó sí i. Bí gíga tí ẹ rí kò bá jọ ti ibi tí ẹ ń lọ, ẹ tún un tẹ̀. Kí ẹ sì wo ti wákàtí sí wákàtí. Àwòrán oòrùn kékeré tí wọ́n yà sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bá ń darí bọ̀.

Bí kò bá sí ohun tó dà á rú, afẹ́fẹ́ máa ń fi nǹkan bí dígírì mẹ́ta àbọ̀ Fahrenheit tutù sí i fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá gùn. Bí ó bá jẹ́ 45 ní Seattle, ẹ máa retí 34 tàbí 35 ní Snoqualmie. Omi ń dì ní 32. Ẹ wo bí àyè tó wà láàárín wọn ṣe kéré tó.

Ohun tó ń ti ààlà náà sókè jù lọ ni ìjì olómi tó ń fẹ́ wá láti ìhà erékùṣù Hawaii, èyí tí wọ́n ń pè ní Pineapple Express. Tó bá dé, ààlà tó wà ní 2,000 lálẹ́ lè ti gòkè dé 7,000 kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni atẹ́gùn tútù ń tẹ̀ lé e, ààlà yóò sì já wálẹ̀ ní wákàtí díẹ̀. Ọ̀nà tó ń ṣàn fún omi lọ́sàn-án yóò dì lálẹ́, lórí ọ̀dà dúdú ẹ ò sì ní rí áìsì náà, yóò kàn máa dán bí ojú omi. Ẹ máa wo ẹ̀yìn táyà ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Bí omi ò bá ta sókè níbẹ̀ mọ́, tí ọ̀nà sì ń dán síbẹ̀, ó ti dì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má sì fi ìbínú tẹ bíréèkì.

Snoqualmie tún ní àrékérekè tirẹ̀. Àárín òkè ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù láti ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Washington máa ń gbà sá wá sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ti gba ojú òfurufú, èyí tó tutù ṣì ń rọ́ gba ìsàlẹ̀ kọjá. Òjò tó bọ́ láti inú èyí tó gbóná yóò gba inú rẹ̀, yóò sì dì mọ́ ohunkóhun tó bá kàn: ọ̀nà, wáyà iná, dígí ọkọ̀, ìlẹ̀kùn mọ́tò tí kò ní ṣeé ṣí mọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ lè ní ààlà yìnyín ti dé 5,000, kí áìsì sì máa bo orí Snoqualmie ní 3,022. Áìsì náà kò ní dáwọ́ dúró àfi bí atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn bá yí padà, tó sì ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ east wind sínú àsọtẹ́lẹ̀ ibẹ̀, ẹ má tìtorí nọ́ńbà ààlà gbéra.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìjì lè kọjá kí yìnyín má kọjá. Atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn máa ń pín sí méjì lára àwọn òkè Olympic, á tún pàdé lẹ́yìn wọn níhà àríwá Seattle, á sì da òjò tàbí yìnyín sórí ibi tóóró kan fún wákàtí gígùn. Ibi tóóró yẹn sábà máa ń na ìka sí Stevens Pass tàbí Snoqualmie, nígbà tí oòrùn ń ràn ní Tacoma.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìgbóná tí mo ní kí ẹ bẹ̀rù ti ṣe rí lórí òkè yìí. Ní òpin oṣù Èrèlé ọdún 1910, ọkọ̀ ojú irin méjì ti ilé-iṣẹ́ Great Northern há sí ibùdó kékeré kan tó ń jẹ́ Wellington, ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn Stevens Pass. Ọ̀kan kó èrò, èkejì kó lẹ́tà. Yìnyín ń bọ́ tọ̀sán tòru, àwọn ẹ̀rọ tó ń kó o kúrò lójú irin há pẹ̀lú, èédú ń tán lọ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Àwọn mélòó kan nínú èrò fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà. Àwọn yòókù jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń retí kí yìnyín dáwọ́ dúró.

Ó dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ojú ọjọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, òjò gba ipò rẹ̀, mànàmáná ń kọ, ààrá ń sán. Lóru tó mọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń sùn, yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lókè orí wọn já lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbá ọkọ̀ méjèèjì kúrò lójú irin, ó sì gbé wọn sọ sínú àfonífojì odò Tye. Èèyàn 96 ló kú. Títí di òní, kò tíì sí yìnyín jíjá kankan ní Amẹ́ríkà tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà pa orúkọ ibùdó yẹn dà sí Tye. Ní 1929 ni wọ́n ṣí ihò ojú irin tuntun tó gùn tó máìlì 7.8 nísàlẹ̀, kí ọkọ̀ má baà gba ibi yẹn mọ́.

Gbogbo ọjọ́ tí yìnyín fi ń bọ́, wọ́n ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn tí ojú ọjọ́ gbóná ni òkè já lù wọ́n. Ohun tó fà á kò ṣòro. Yìnyín orí òkè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, ìpele lórí ìpele ni, ti oṣù Ọ̀pẹ lábẹ́ ti Ṣẹ́rẹ́, ti Ṣẹ́rẹ́ lábẹ́ ti àná. Òjò tó bá rọ̀ sí i ń tú ohun tó so ìpele kan mọ́ èkejì, ó sì ń dẹ́rù lé e. Ẹ da omi sínú abọ́ gaàrí kan, kí ẹ wá gbé abọ́ náà wò. Lórí yìnyín tuntun, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ òkè mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ máa ka ìkìlọ̀ Northwest Avalanche Center kí ẹ tó gbéra. Wọ́n pín ewu sí ìpele márùn-ún, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìsàlẹ̀, ibi tí igi ti ń tán, àti òkè pátápátá. Ìpele 5 kò ṣòro, gbogbo èèyàn a jókòó sílé. Ìpele 3 ló ń tan èèyàn jẹ, nítorí ó wà ní àárín, a sì ń rò pé àárín túmọ̀ sí pé kò burú. Púpọ̀ nínú àwọn tí yìnyín ń pa ló jáde lọ́jọ́ tí wọ́n kọ 3. Kì í sì í ṣe àwọn aláìmọ̀kan nìkan ló ń kàn. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2012, ní Tunnel Creek tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stevens Pass, mẹ́ta kú nínú àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ̀ lórí yìnyín.

Ẹ óò sọ pé ẹ ò mọ ski, pé ọmọ lásán ni ẹ gbé lọ yọ̀ lórí páànù ike. Ẹ gbé ojú sókè kí ẹ tó já ẹrù sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú òkè tó dá gooro, tí kò sí igi lórí rẹ̀ ní gígùn bí ẹni fi àdá lànà, ibẹ̀ ni yìnyín máa ń gbà já lọ́dọọdún, ẹ má ṣe pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ Alpental lọ sí Snow Lake, tí àwọn èèyàn máa ń rìn bí ẹni ń lọ sọ́jà, ré irú ojú òkè bẹ́ẹ̀ kọjá. Bí ọ̀sán bá ṣe ń gbóná, ẹ ó rí i tí yìnyín ń yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ní róbótó róbótó, tí ẹ̀ka igi ń da èyí tó rù sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ tó dúró le lórí ilẹ̀ láàárọ̀ ń rì kọjá kókósẹ̀. Àkókò tó láti kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní láti fi wà á jáde. Ẹlikọ́pítà kì í bá irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣeré sídìí igi ńlá níbi tí yìnyín ti jìn. Abẹ́ ẹ̀ka tó bo ilẹ̀ sábà máa ń ṣófo, ọmọ a sì rì wọlé pẹ̀lú orí. Abẹ́ òrùlé ilé orí òkè kò dáa náà. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, yìnyín orí òrùlé a já lápapọ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò jíìnsì àti ẹ̀wù òwú kò dára fún àsìkò yìí rárá. Nínú yìnyín gbígbẹ, èèyàn lè gbọn ara rẹ̀ nù. Nínú òjò tó wà ní 34 Fahrenheit, omi á wọ òwú, òwú á lẹ̀ mọ́ ara, ọmọ á máa gbọ̀n. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kólòlò tàbí tó ní òun kàn fẹ́ sùn, òtútù ti wọ ara rẹ̀ ju ti eré lọ. Aṣọ irun àgùntàn tàbí èyí tí kì í mumi, ẹ̀wù òjò lórí rẹ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ nínú ọkọ̀ fún olúkúlùkù.

Ẹ̀yin awakọ̀, òfin kò fi yín sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe, ọkọ̀ tó bá wúwo ju 10,000 pọ́n-ùn lọ gbọ́dọ̀ ní ṣéènì táyà nínú nígbà tó bá ń gba orí àwọn òkè wọ̀nyí, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń ràn. Bí wọ́n bá gbé àkọlé jáde pé kí ẹ dè é, tí ẹ ò dè é, owó ìtanràn lè tó 500 dọ́là. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì ń yí gbogbo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè má dè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé e dání. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dè é níwájú ilé lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó ń tú u kúrò nínú páálí fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú òkùnkùn, ní etí I-90, tí tírélà ń ta omi yìnyín sí i lára, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Kí epo ọkọ̀ má dín sí ìdajì. Kí ṣọ́bìrì kékeré, bùláńkẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, omi àti oúnjẹ díẹ̀ wà nínú búùtù. Bí ọ̀nà bá dí tí ẹ sì há, ẹ dúró sínú ọkọ̀. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì láti yá iná, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ kó yìnyín kúrò ní ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde a padà sínú ọkọ̀, májèlé inú rẹ̀ kò sì ní òórùn tí yóò fi jí ẹni tó ń sùn. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì ṣí gíláàsì kan díẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ní àdúrà ti gbà, pé ọjọ́ Ajé kò gbọ́dọ̀ bá àwọn nílé. Kò burú, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má wo àsọtẹ́lẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Washington ní káàmẹ́rà lórí àwọn òkè náà, ẹ wò wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ tún wò wọ́n ní North Bend, níbi tó ṣì rọrùn láti yí padà. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, ẹ má tẹ̀ lé fóònù tó ń júwe ọ̀nà ẹ̀bùrú inú igbó fún yín. Ẹnikẹ́ni kì í kó yìnyín kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, ọ̀nà orí òkè mẹ́rin, Snoqualmie, Stevens, White àti Blewett, ni wọ́n tì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọ̀nà àbùjá tó ṣeé gbà. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọ̀gá yín pé ẹ ò ní lè dé, kí ẹ sì tètè wá yàrá sí North Bend tàbí Ellensburg kí àwọn awakọ̀ tó kù tó gba gbogbo rẹ̀ tán.